Dísìkì Ẹlẹ́ni Mẹ́ta

Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan wà ní ìlú Douala ní Cameroon tí kì í jẹ́ kí ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀ sùn sínú ilé kan náà. Bí ìkòkò bá wà ní àdúgbò Kotto, ọmọrí rẹ̀ á wà ní Akwa, ìgbákọ tí wọ́n fi ń bu ọbẹ̀ á sì wà ní PK8 lọ́hùn-ún. Aṣọ àtíbàbà wà lọ́wọ́ ẹnì kan, òpó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, okùn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni kẹta. Ọjọ́ kan wà tí wọ́n ń sọmọ lórúkọ, tí ẹni tó ń tọ́jú òpó ti rìnrìn àjò lọ sí Yaoundé. Òjò dé. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ dìde, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n fi ara wọn ṣe òpó, wọ́n sì gbé aṣọ náà dúró títí wọ́n fi sọmọ lórúkọ tán. Kò sẹ́ni tó ráhùn. Òfin ni òfin.

Kì í ṣe pé orí wọn dàrú. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí kò ní rí okùn nílẹ̀ kó má fò. Nígbà kan rí, ọwọ́ alága kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ ní wà. Ní àárọ̀ Sátidé tí wọ́n fẹ́ sin òkú Bàbá Ṣàmsídéènì, wọ́n kan ilẹ̀kùn alága náà títí, kò sí ohùn. Ó ti kó ìkòkò, ó ti kó àga, ó ti kó àtíbàbà, ó ti gbé àpótí ẹgbẹ́, ó ti lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò gbàgbé ohunkóhun. Wọ́n rántí bí àwọn àlejò ṣe jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nínú aṣọ funfun. Wọ́n rántí bí wọ́n ṣe se ìrẹsì nínú páànù tí àwọn bíríkìlà fi ń ru yanrìn, àti bí ìrẹsì náà ṣe ń dún lẹ́nu bí ènìyàn bá ti ń jẹ ẹ́.

Obìnrin kan ló dìde ní ìpàdé tó tẹ̀lé e. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní èdè Yorùbá ní ọ̀sán Sátidé, Tíṣà sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ní, "Láti òní lọ, ohun ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ dá wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹni mẹ́ta ni kó máa mú un." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Òfin Tíṣà ni wọ́n ń pè é títí di òní. Tíṣà ti kú. Òfin rẹ̀ wà láàyè.

Kẹ́misọ́lá ni ọmọ Tíṣà, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Douala ni wọ́n bí i sí, èdè Faransé ló fi kàwé. Ó fẹ́ Stéphane, ọmọ Cameroon, wọ́n ń gbé ní Kotto, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tèmi. Gbogbo Yorùbá tí Tèmi gbọ́ kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ó sì máa ń fi kí ènìyàn lọ́sàn-án, a máa fi kí ènìyàn lálẹ́ pẹ̀lú.

Ẹgbẹ́ wá ní láptọ́ọ̀pù kan. Ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń lọ sí òkè òkun ló fi ta wọ́n lọ́rẹ. Láptọ́ọ̀pù náà tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé ọkọ̀ ti gun un kọjá. Ìpàdé odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi ronú bí wọ́n ṣe máa pín in, wọn ò rí ọ̀nà. Bátìrì rẹ̀ pàápàá wà nínú, kò ṣeé yọ, èyí sì bí àwọn àgbà nínú. Nígbẹ̀yìn, láptọ́ọ̀pù dúró lọ́dọ̀ akọ̀wé ní Kotto. Ṣájà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Alhaja Rọ̀kíbátù, Ìyá Ẹgbẹ́, tó ń ta aṣọ ní Akwa. Báàgì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá, akápò, tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò àlòkù ní PK8. Alága, Bàbá Ọlátẹ́jú, ní òun kò lè jẹ́ alága láìmú nǹkan kan dání. Wọ́n bá gé ọ̀rọ̀ aṣínà tó ń ṣí i sí mẹ́ta. Bàbá mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Alhaja mọ àárín, Dáramọ́lá mọ ìparí. Bí ẹnì kan bá ń tẹ tirẹ̀, àwọn tó kù á kọjú sí ògiri. Dáramọ́lá máa ń ṣi tirẹ̀ tẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Bàbá padà. Ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé á rò pé wọ́n ń fìyà jẹ àwọn àgbàlagbà.

Ohun tó wà nínú láptọ́ọ̀pù náà ni ìjíròrò ìpàdé, fọ́tò ìsìnkú, àti fídíò ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún Bàbá Ọlátẹ́jú. Ohùn Tíṣà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kẹ́misọ́lá ló fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì kó o sínú láptọ́ọ̀pù kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i lò. Lóṣù kẹjọ ọdún tí Tíṣà kú, òjò wọ ilé wọn ní Kotto. Omi gun ibùsùn, ó gbé fóònù náà lórí àga. Kẹ́misọ́lá rántí pé ìró tó kọ́kọ́ gbọ́ lójú oorun ni ti bàtà Tèmi tó ń kan ẹsẹ̀ àga bó ṣe ń léfòó. Láti ọjọ́ náà, ohùn ìyá rẹ̀ kò sí níbòmíràn láyé àfi inú láptọ́ọ̀pù ẹgbẹ́.

Ó bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi sórí fóònù òun tuntun. Dáramọ́lá ló dá a lóhùn nípàdé.

"Kẹ́mi, ohun tó bá ti wọ inú láptọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ ti di ti ẹgbẹ́. Bó bá dá wà lọ́wọ́ rẹ, òfin ta lo rú?"

"Òfin màmá mi, sà."

"Ó tán."

Báyìí ni wọ́n wà tí láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó ń dún bí ẹni tó ń fi èékánná ha ìdí ìkòkò. Kẹ́misọ́lá gbé e lọ sọ́dọ̀ Bíọ́dún, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Douala, tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ní Akwa. Bíọ́dún gbé etí lé e bí dókítà.

"Àǹtí Kẹ́mi, dísìkì inú rẹ̀ ni. Òun ló ń kó gbogbo nǹkan pa mọ́. Àwo kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí, abẹ́rẹ́ kan sì ń kà á. Abẹ́rẹ́ náà ti ń ha àwo."

"Ṣé ó máa kú?"

"Á kú. Ìgbà tó máa kú ni mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká tètè fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ká kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú tuntun. Tuntun ò ní àwo, kò ní abẹ́rẹ́, kì í dún rárá. Ẹ sáà má jẹ́ kí ti àtijọ́ yìí máa mì káàkiri."

Ìpàdé fọwọ́ sí i. Wọ́n ra dísìkì tuntun, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó láti wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Ọlátẹ́jú ní wọn ò ní tú ohun ẹgbẹ́ láìṣe lójú ẹni mẹ́ta.

Ṣọ́ọ̀bù Bíọ́dún wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ìtajà kan. Bàbá Ọlátẹ́jú jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Alhaja jókòó sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ti bàjẹ́. Dáramọ́lá ga, àjà kò sì jẹ́ kó nàró, ó tẹrí ba bí ẹni tó ń ṣe àdúrà ọpẹ́. Kẹ́misọ́lá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Bíọ́dún dojú láptọ́ọ̀pù dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Bó bá ti yọ súkúrù kan, á gbé e sórí pépà ní ibi tí ihò rẹ̀ wà gan-an.

"Kí nìyẹn?" ni Bàbá béèrè.

"Súkúrù ni, sà."

"Gbogbo ìyẹn ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Àwọn àgbà wo ara wọn lójú. Alhaja rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ò rí i? Ó ní ìpín nínú. A ò kàn tú u wò ni."

Bíọ́dún yọ dísìkì àtijọ́ jáde, ó gbé e kalẹ̀ sórí fóòmù bí ẹyin. Dáramọ́lá mú tuntun, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n wò. Ó gbé e sọ́wọ́ òsì, ó tún gbé e padà.

"Wọ́n ti lù yín ní jìbìtì," ló sọ.

"Báwo, sà?"

"Èyí ò wúwo tó bisikíìtì. Irin ni ti àtijọ́. O ní èyí ló máa gba nǹkan jù?"

"Ó gba ìlọ́po mẹ́rin, sà."

"Níbo ló ń kó o sí?"

Bíọ́dún yí dísìkì náà síwá sẹ́yìn. "Inú rẹ̀ náà ni, sà."

"Mo ti ń ta ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó bí ẹ. Ohun tó bá lágbára, ó gbọ́dọ̀ wúwo."

"Orí tìẹ náà wúwo, Dáramọ́lá," ni Alhaja sọ. "Kí la tíì rí nínú rẹ̀?"

Bíọ́dún mú wáyà tó fẹ́ fi so dísìkì méjèèjì mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kò tíì so èyíkéyìí tí iná fi lọ. Fáànù dúró. Jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní gbogbo ọ̀nà Akwa, ṣùgbọ́n ti ilé yẹn kò ké, nítorí pé ó ti bàjẹ́ láti ìgbà Kérésì.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ síbí, sà," ni Kẹ́misọ́lá sọ. "Bí iná bá dé, Bíọ́dún á ṣe é."

Bàbá Ọlátẹ́jú yí ọrùn sí i díẹ̀díẹ̀. "Lọ́wọ́ ẹnì kan? Ìwọ ọmọ Tíṣà?"

Kẹ́misọ́lá wolẹ̀.

Wọ́n bá pín in. Dísìkì àtijọ́ di ti Dáramọ́lá, nítorí pé irin ni, irin sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Dísìkì tuntun di ti Bàbá. Wáyà di ti Alhaja. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti yọ ọpọlọ rẹ̀ di ti Kẹ́misọ́lá. Ó wá ku súkúrù. Alhaja na ọwọ́, ó sì gbá gbogbo wọn jọ kúrò lórí pépà bí ẹni gbá ẹ̀wà. Bíọ́dún na ọwọ́ sí pépà, ó ti pẹ́ jù.

"Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú," ni Alhaja sọ. Ó ṣa àwọn tó gùn jù fún Bàbá, ó sì pín ìyókù láàárín òun àti Dáramọ́lá.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Bíọ́dún sọ, "ihò ló ní wọn, kì í ṣe ọjọ́ orí. Bí a bá fi gígùn síbi kúkúrú, ó máa lu inú ẹ̀rọ já."

"Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó o mọ ẹni tí gígùn wà lọ́wọ́ rẹ̀," ni Bàbá sọ. Ó di tirẹ̀ sínú áńkáṣíìfù, ó sì fi sí àpò àyà.

Láti ọjọ́ náà, Kẹ́misọ́lá kò lè jẹun kó yó. Bó bá ti fẹ́ sùn, á máa gbọ́ dísìkì náà létí, bó ṣe ń ha ara rẹ̀ ní PK8. Wọ́n dá ọjọ́, Alhaja lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Limbe, wáyà sì wà nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n tún dá ọjọ́, gbogbo wọn pé, iná ni kò wá. Wọ́n tún dá òmíràn, iná wá, ó mọ́lẹ̀ rokoṣo, Bàbá wá rántí pé inú àpótí ẹgbẹ́ lòun ti dísìkì tuntun mọ́. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni àpótí náà ní, ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Silas, tó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Bafoussam. Wọ́n ní kí Silas fi kọ́kọ́rọ́ rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì sí wọn. Silas ní kí wọ́n wá ẹni méjì tó máa tẹ̀ lé awakọ̀ náà.

"Ẹ̀yin ẹgbẹ́ yìí, c'est comment, báwo ni?" ni Stéphane béèrè nílé. "Lọ gba nǹkan rẹ lọ́wọ́ wọn. Pariwo mọ́ wọn."

"Mi ò lè pariwo mọ́ wọn. Wọ́n ń tẹ̀ lé ohun tí màmá mi sọ."

Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó gun bẹ́nsíkìnì, ọ̀kadà ibẹ̀, lọ sí PK8. Ó bá Dáramọ́lá láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Ó kí i, ó sì ní òun wá wo dísìkì náà. Dáramọ́lá mú un wọ ilé, ó ṣí abọ́ ńlá kan. Ìrẹsì ló kún inú rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fa dísìkì yọ láti ìsàlẹ̀.

"Sà, kí ló ń ṣe nínú ìrẹsì?"

"Ìtọ́jú ni. Fóònù tó bá ń ṣàìsàn, inú ìrẹsì ni wọ́n ń fi í sí."

"Èyí tó bá bọ́ sómi ni, sà. Èyí ò bọ́ sómi."

"Ìwọ lo sọ fún wa pé ó ń ké. Ohun tó bá ń ké, omi wà lójú rẹ̀." Ó nu eruku ìrẹsì kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lú ìka kan tó mọ́, ó sì tún un tẹ́ bí ẹni tẹ́ ọmọ. "Fọkàn balẹ̀. Mo ti sọ fún ìyàwó mi kó máa bù ú láti ẹ̀gbẹ́."

Kẹ́misọ́lá kò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín tàbí kó sunkún, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ti ń padà lọ, ó ń ka gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà yẹn, nítorí pé orí wọn náà ni dísìkì máa gbà.

Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, ọjọ́ kan pé. Kọ́kọ́rọ́ dé, wáyà dé, iná ń tàn. Dáramọ́lá gun bẹ́nsíkìnì láti PK8 wá, abọ́ ìrẹsì wà lórí itan rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra. Ó ní òun sọ fún awakọ̀ kó rọra, aláìsàn lòun gbé dání. Awakọ̀ wo abọ́ ìrẹsì náà, ó sì rọra.

Bíọ́dún fi búrọ́ṣì nu dísìkì àtijọ́, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó so tuntun mọ́ ọn pẹ̀lú. Ti àtijọ́ ha, ó tún ha, ó sinmi. Lẹ́yìn náà ni orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ tò sójú kọ̀ǹpútà.

Bàbá Ọlátẹ́jú ti ń dìde láti tẹ ìpín tirẹ̀. Alhaja àti Dáramọ́lá ti kọjú sí ògiri.

"Ó ti ṣí, Bàbá," ni Bíọ́dún sọ.

"Ó ti ṣí? Ta ló tẹ ìpín tèmi?"

"Kò béèrè, sà. Bí èèyàn bá ti yọ dísìkì síta báyìí, kì í béèrè."

Alhaja kò yí padà kúrò lára ògiri. "Èmi Rọ̀kíbátù," ló sọ fún ògiri náà jẹ́jẹ́, "pẹ̀lú orúnkún mi yìí."

"Mo sì ti ń sọ fún yín pé kì í ṣe ẹ̀bi mi bí mo ṣe ń ṣì í tẹ̀," ni Dáramọ́lá sọ.

Dísìkì ha lẹ́ẹ̀kan sí i, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bíọ́dún tẹ etí sí i, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ẹ̀yin àgbà, kò ní pẹ́ dákẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló máa jẹ́ kí n kó o. Ẹ sọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ kó, mi ò lè ṣèlérí fún èyí tó bá kẹ́yìn."

"Kí ló wà nínú ìyẹn tó le?" ni Bàbá wí. "Bí a ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan ni. Láti orí àgbà. Fi àádọ́rin ọdún mi ṣáájú."

Kẹ́misọ́lá mọ fídíò náà. Òun ló wà nídìí rẹ̀ nígbà tí wọ́n kó o wọlé. Kò sí ohun tó tóbi tó o nínú dísìkì; ijó tí Bàbá fi wọ gbọ̀ngàn nìkan lè jẹ́ kí ènìyàn lọ sí ọjà kó sì padà. Bí wọ́n bá fi ṣáájú, dísìkì á kú sórí rẹ̀, ohùn ìyá rẹ̀ á sì bá a lọ. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, láàárín wáyà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló dàgbà jù nínú ẹgbẹ́?"

"Èmi ni. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Bí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀, àwọn wo lẹ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ kẹ́ ẹ tó dárúkọ ara yín?"

"Àwọn tó ti lọ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fi wọ́n ṣáájú?"

"Àwọn ló ṣáájú wa lọ. Òkú ni àgbà."

"Tíṣà ti lọ, Bàbá."

Bàbá Ọlátẹ́jú wo Kẹ́misọ́lá, ó wo dísìkì, ó tún padà wo Kẹ́misọ́lá.

"Tíṣà yẹn? Tó máa ń kúnlẹ̀ kí mi?"

"Ó ti dìde, Bàbá."

Alhaja yí padà kúrò lára ògiri nígbà náà. "Ọlátẹ́jú, ọmọ yìí ti sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa ń dárúkọ rẹ̀ ní gbogbo ìpàdé. Orúkọ rẹ̀ ṣáájú tìẹ."

Bàbá bọ́ fìlà, ó tún dé e. Ẹni tó bá mọ bó ṣe fẹ́ràn fídíò náà ló máa mọ ohun tó gbé sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nínú fídíò yẹn nìkan ni ìyàwó rẹ̀ ti ń jó tì í láìfi ọ̀pá rìn.

"Kó ti Tíṣà," ló sọ.

Bíọ́dún tẹ̀ ẹ́. Ilà aláwọ̀ ewé kan bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lójú kọ̀ǹpútà, ó ń gùn bí ìgbín. Bíọ́dún ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe mira. Alhaja fẹ́ wúkọ́, ó fi ìbòrí di ẹnu. Oníbàárà kan yọjú pẹ̀lú fóònù tó fọ́, ó rí àgbàlagbà mẹ́ta àti obìnrin kan tó kúnlẹ̀ tí wọ́n ń wo abọ́ ìrẹsì àti irin pẹlẹbẹ kan, ó sọ pé "Ashia" bí ẹni kí ọlọ́fọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Dísìkì ń ha. Ó dákẹ́, àyà Kẹ́misọ́lá dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ó tún ń ha. Ilà náà kan òpin.

"Ti Tíṣà ti pé," ni Bíọ́dún sọ.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ti Bàbá. Fídíò náà pín sí apá mẹ́ta, bí kámẹ́rà ṣe gé e. Apá kìíní wọlé. Bí èkejì ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, dísìkì dún kẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì dún mọ́. Bíọ́dún yọ ọ́, ó tún so ó, ó gbé e sétí. Ó gbé e kalẹ̀.

Apá kìíní parí síbi tí Bàbá ti gbé ọ̀bẹ sókè lórí kéèkì.

"Àwọn ọmọ ọmọ mi á máa rò pé mi ò gé e," ni Bàbá sọ.

"A jẹ nínú rẹ̀," ni Alhaja dá a lóhùn. "Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́rìí."

"Ìyàwó mi ńkọ́? Ṣé ó wà ní apá kìíní?"

Kẹ́misọ́lá wò ó fún un. Ìyá arúgbó náà wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jó. Bàbá mi orí, ó ní ó tó.

Dáramọ́lá nu ojú rẹ̀. "Ó ku ká pín ti Tíṣà. Ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ Bàbá, ti àárín lọ́dọ̀ Alhaja, èmi á mú ìparí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbọ́ ọ, á lọ yípo."

Kẹ́misọ́lá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Sà, nígbà tí Tíṣà ń kọ́ wa ní kíkà, ṣé ó fún mi ní ení, kó fún Akínlọ́lá ní èjì, kó wá fún Hamidah ní ẹ̀ta?"

"Rárá o. Kí ni ọmọ á fi ení nìkan ṣe?"

"Gbogbo wa ló gba gbogbo rẹ̀. Kò sì dín lọ́wọ́ tirẹ̀."

Dáramọ́lá ronú sí i, pẹ̀lú orí rẹ̀ tó kan àjà.

"Ẹni mẹ́ta ni kó mú un, ló wí," ni Alhaja sọ. "Kò ní kí wọ́n gé e. Bíọ́dún, gba fóònù mi. Fi gbogbo rẹ̀ sí i. Ti Bàbá náà. Ti onírẹsì yìí náà. Kẹ́mi ló ń tọ́jú láptọ́ọ̀pù, yóò wà níbẹ̀. Òfin ti pé."

"Mo gbọ́," ni Dáramọ́lá wí, "ṣùgbọ́n bó bá wà lọ́wọ́ gbogbo wa, èwo gan-an ni ojúlówó?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, sà," ni Bíọ́dún sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ́ Dáramọ́lá lọ́rùn, kò sì tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn di òní.

Bíọ́dún tẹ èyí tó kọ́kọ́ wà lókè, láti mọ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀. Ariwo àga kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan, ó lágbára, ó sún mọ́ etí:

"Jókòó dáadáa. O ń mi fóònù."

Kẹ́misọ́lá ni Tíṣà ń bá wí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Alhaja na ẹ̀yìn rẹ̀ gọọrọ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Bàbá Ọlátẹ́jú kó ẹsẹ̀ jọ, Dáramọ́lá tí kò ní àga wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kẹ́misọ́lá fi gèlè bo ojú rẹ̀.

Bíọ́dún fi ètò tuntun tí kò tíì ní ọ̀rọ̀ aṣínà sórí dísìkì tuntun, ó sì fi í sínú láptọ́ọ̀pù. Ó ku súkúrù. Bàbá tú áńkáṣíìfù rẹ̀, tirẹ̀ pé. Ti Alhaja pé. Ti Dáramọ́lá ti bọ́ sáàárín súkúrù mọ́tò ní PK8. Ó ní ó ṣeé ṣe kó ti wà lábẹ́ tákísì kan báyìí. Nítorí náà, igun kan láptọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ ń la ẹnu díẹ̀, rọ́bà ni Kẹ́misọ́lá fi dè é. Dísìkì àtijọ́ padà sínú ìrẹsì. Dáramọ́lá ní a kì í mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ní Kotto, Kẹ́misọ́lá gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì. Tèmi sún mọ́ ọn. Ẹ̀rọ náà kò dún rárá. Tèmi ní bóyá ó ń sùn. Kẹ́misọ́lá tẹ ẹ̀kọ́ kan.

"Ẹ káàsán, ẹ̀yin ọmọ," ni Tíṣà wí.

Tèmi wo ìyá rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ náà. "Ẹ káàárọ̀," ló dáhùn.

Ó ní láti jẹ́ pé ọmọ kan tó jìnnà sí fóònù ti ṣì í dáhùn bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀.

"Mo ní ẹ káàsán. Ẹ tún un wí."

Ilẹ̀ ti ń ṣú níta. Tèmi jókòó dáadáa, ó kó ọwọ́ rẹ̀ lé itan.

"Ẹ káàsán, mà."

"Ó dáa," ni ìyá ìyá rẹ̀ wí. "Ó yá, ení."